Server ímeèlì wa ti darúgbó: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Broad Street, Lagos Island. Àwa 38 là ń lo kọ̀ǹpútà, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́jú wọn. Exchange 2010, ètò ímeèlì Microsoft, ló ń gba ímeèlì wa, lórí server kan tó ń lo Windows Server 2008 R2, lábẹ́ tábìlì akọ̀wé. Fáànù rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Bí wọ́n bá ti yí iná sí jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa á dákẹ́, a ó máa wò ó bóyá á jí. Èkúté ti jẹ lára wáyà inú àjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà tá a kọ sí oníbàárà wa kan tó ń lo Gmail bọ́ sí spam. Ọ̀gá ní kí n lọ ra server tuntun ní Computer Village lọ́jọ́ Sátidé, kí gbogbo ẹ̀ parí kó tó di àárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ gbà mí o.

Ọmọ Yábàá: Má tíì ra nǹkan kan. Ọdún 2020 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú Exchange àti Windows yín méjèèjì. O ò sì lè fò láti Exchange 2010 bọ́ sí Exchange 2019 tààrà, àfi kó o gba 2013 tàbí 2016 kọjá. Àní 2016 àti 2019 gan-an, October 14, 2025 ni tiwọn parí. Kó ímeèlì lọ sí Google Workspace tàbí Microsoft 365, tí wọ́n á máa bá yín tọ́jú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó o fi owó server tún wáyà ṣe.

Ìyá Ìbejì, Ṣúúrùlérè: Yábàá, ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé íntánẹ́ẹ̀tì kì í lọ. Ṣé ẹ ti gbàgbé March 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já lápá Abidjan? Kí wọ́n gba ìlà méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì, fibre kan, kí èkejì gba orí afẹ́fẹ́ wá, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè wáyà òkun tí kálukú ń lò. Ní ti inú ilé, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat6 ni kẹ́ ẹ fà, kó má ju mítà 100 lọ. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn inú rẹ̀. Bó bá funfun lábẹ́ àwọ̀ kọ́pà, ẹ dá a padà fún wọn.

Bàbá Oníwáyà, Ìkẹjà: Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tèmi. Ta ló ní páswọ́ọ̀dù domain yín, orúkọ tó wà lẹ́yìn @ nínú ímeèlì yín?

Ẹni tó béèrè: Hẹ̀n… Ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí ṣáájú mi ló fi Yahoo ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, sà. Ó ti lọ sí Kánádà.

Bàbá Oníwáyà, Ìkẹjà: Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ètò domain, ìlà tí wọ́n ń pè ní MX ló ń júwe ibi tí lẹ́tà yín ń lọ, o ò sì lè fọwọ́ kàn án láìwọlé síbẹ̀. SPF àti DKIM, ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ti wá, tó máa bá yín dín wàhálà spam kù, ibẹ̀ náà là ń kọ wọ́n sí. Tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ yín, dín TTL, iye ìṣẹ́jú àáyá táwọn kọ̀ǹpútà míì fi ń rántí ìlà àtijọ́, kù sí 300 ní ọjọ́ méjì ṣáájú kẹ́ ẹ tó kó ímeèlì lọ. Fi àpótí èèyàn mẹ́ta dán an wò ná, kí ti ọ̀gá gbẹ̀yìn. Gbàgbé ọ̀rọ̀ Mọ́ńdè.

Ẹni tó béèrè: Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, sà. Ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ṣì jẹ òun lówó oṣù méjì.

Bàbá Oníwáyà, Ìkẹjà: Ẹ san án lónìí.