Kọ́ńpáàsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti London ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

OmoIgbona:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn wa. A fẹ́ fi ìpìlẹ̀ mọ́sálásí kékeré kan lélẹ̀ ládùúgbò wa ní Òṣogbo níbí, Lèmọ́mù wá ní kí n mú kọ́ńpáàsì wá ká fi wo Kíbílà. Àbúrò mi ló rà á ní London, tuntun ni. Àmọ́ bí mo ṣe gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ báyìí, ìdí abẹ́rẹ́ yẹn ń lọ sílẹ̀, ó ń ha ara ike, orí ẹ̀ tó pupa wá ń yọjú sókè, kò yí dáadáa. Èyí tó tún wá dààmú mi ni pé nígbà tí mo dúró ti ibi tí bíríkìlà to rọ́ọ̀dù sí, àríwá tó fi hàn mí yàtọ̀ pátápátá sí ti ìta gbangba. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká gbà gbọ́? Mi ò fẹ́ ká kọ ilé Ọlọ́run síbi tí ò yẹ o.

TisaFisiisi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á bá yín parí ẹ. Kò bàjẹ́ rárá. Òòfà ni abẹ́rẹ́ yẹn, ilẹ̀ ayé tá a dúró lé yìí náà dẹ̀ ń ṣe bí òòfà ńlá, torí irin yíyọ́ tó ń rú nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bíi 2,900 kìlómítà sábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Agbára ẹ̀ ló ń darí abẹ́rẹ́ sí àríwá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kì í tẹ́ pẹrẹsẹ níbi gbogbo. Ní London, ṣe ló ń dorí kọ ilẹ̀, bíi dígírì 66, torí ẹ̀ làwọn tó ń ṣe kọ́ńpáàsì fún wọn ṣe máa ń fi ìwúwo díẹ̀ sí ìdí abẹ́rẹ́ kó lè dúró déédéé. Ibi tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ gan-an gba òkè ọya kọjá, Òṣogbo dẹ̀ wà ní gúúsù ẹ̀, ló fi jẹ́ pé ṣe ló tún gbé orí sókè díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìwúwo yẹn ò wúlò níbí, òun ló ń fa ìdí ẹ̀ wálẹ̀. Ẹ gbé kọ́ńpáàsì yẹn dagun díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ ò fi ní kan ike mọ́, ó máa yí. Tẹ́ ẹ bá máa ra òmíràn, ẹ ní kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ṣe fún apá ibi tiwa.

SofeyoOkeFia:
Tíṣà ti sọ ọ́. Ti rọ́ọ̀dù ló kù. Agbára ilẹ̀ yìí ò le, òòfà kékeré inú sípíkà fóònù gan-an le jù ú lọ tó bá sún mọ́ abẹ́rẹ́. Ọmọọṣẹ́ mi kan gbé kọ́ńpáàsì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rí, gbogbo ohun tá a wọ̀n lọ́jọ́ yẹn la tún wọ̀n. Ẹ jìnnà sí irin, jẹnẹrétọ̀, páànù, ẹ fi fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti Òṣogbo, Kíbílà jẹ́ nǹkan bíi dígírì 64, láti àríwá lọ sápá ìlà oòrùn, kì í ṣe ìlà oòrùn gangan bí ọ̀pọ̀ ṣe ń rò. Ìyàtọ̀ àríwá abẹ́rẹ́ sí àríwá tòótọ́ ò tó dígírì méjì níbí, ẹ má dààmú nípa ìyẹn.

IyaAlasalatu:
Ẹ̀yin ọmọ mi, oòrùn náà ń bẹ o. Tó bá di 27 tàbí 28 May ní aago 10:18 àárọ̀ tiwa, orí Kaaba gan-an ni oòrùn máa ń wà, bẹ́ẹ̀ náà ni 15 tàbí 16 July ní 10:27. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán, ibi tí òjìji kọ ẹ̀yìn sí ni Kíbílà.

OmoIgbona:
Ẹ ṣé gan-an ni, màmá, ẹ̀yin náà ẹ̀gbọ́n, tíṣà. Mo gbé e lọ sí pápá lówùúrọ̀ yìí, mo mú un dagun bẹ́ ẹ ṣe wí, abẹ́rẹ́ yí wẹ́rẹ́, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bára mu. Okùn tí bíríkìlà ti ta ò bá a mu rárá, ó ti ń fa àwọn èèkàn ẹ̀ tu. Lèmọ́mù ní kọnkéré ò gbọdọ̀ wọlẹ̀ títí a ó fi fi òjìji yẹn yẹ̀ ẹ́ wò ní July, bójú ọ̀run bá mọ́.