Ta ló ti wọ bọ́ọ̀sì ìjọba láti Goa dé Kerala rí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ń lọ sí Íńdíà ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò wọn á ti dín kù. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ti wà nílẹ̀, torí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá.

Etí òkun la fẹ́ máa tọ̀: Palolem ní gúúsù Goa, Gokarna àti Murudeshwar ní ìpínlẹ̀ Karnataka, títí dé Varkala ní Kerala. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin wà, àmọ́ bọ́ọ̀sì ló wù mí, pàápàá ti Kerala tí kọ̀ńdọ́ máa ń fa okùn agogo kí dírẹ́bà tó ṣíra.

Wọ́n ní ká wọkọ̀ ní Canacona, ìlú tó wà nítòsí Palolem, lọ sí Karwar ní Karnataka, ká tún wọ òmíràn níbẹ̀ lọ sí Gokarna. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ní Karnataka, lẹ́tà Kannada, èdè ìpínlẹ̀ náà, ni wọ́n sábà fi ń kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó yẹ kéèyàn wọ̀?

Ẹrù wa ńkọ́? Báàgì àgbékọ́ẹ̀yìn ńlá ni. Ṣé wọ́n á jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àbí a máa sanwó ẹrù? Àbúrò mi ga bí ọ̀pẹ, kò lè gbé e lé ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká wọ takisí o, owó ọwọ́ wa ò gbé e. Ibo lẹ sì máa ń sùn láàárín Murudeshwar àti Kochi ní Kerala?