Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè ohun tí ọmọ tó ń wá kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni ní Amẹ́ríkà lè máa ṣe nígbà òtútù yìí. Torí àbúrò mi ni, a sì ti rí ojú ọ̀nà.

A ti fi fọ́ọ̀mù FAFSA, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́, ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fún fọ́ọ̀mù náà, ẹ sá fún un. Ẹ má fi falẹ̀, torí owó ìrànwọ́ àwọn ilé-ìwé kan máa ń tán. Ẹ tètè bá pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà ìjẹ́rìí, bí ilé-ìwé bá béèrè fún un.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìwé àdéhùn ìwà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, bíi Wheaton ní Illinois, ń lò. Ẹ kà á tàdúràtàdúrà kí ẹ tó gbà láti máa gbé lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi kà á, ó bi wọ́n léèrè ohun tí kò yé e, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń fẹ́ gbọ́ ìpinnu yín kó tó kọjá ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún. Ibi tí mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé nìyí.