Ìwé ìtọ́jú orí ọkọ̀ ojú irin kí kọ̀ǹpútà tó dé: ẹ wá sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́

Ọmọ Ṣábẹ̀:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀nà irin tó gba Ṣábẹ̀ kọjá, láti Kútọnu dé Parakú, 438 km ni. Àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 876. Orí ọkọ̀ (èyí tó ń fa àwọn kẹ̀kẹ́ yòókù) tó bá lọ tó bọ̀ nígbà mẹ́wàá ti rin 8,760 km, akọ̀wé ló sì ń fi ọwọ́ rò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Iye yẹn ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí wọ́n máa pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì àti ìgbà tí wọ́n máa tú u palẹ̀. Ọkọ̀ tó ń to kẹ̀kẹ́ ẹrù nínú gáà (ibùdókọ̀ ojú irin) ló máa ń da ìṣirò yìí rú: kò jìnnà síbì kankan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wákàtí ni kí ẹ sọ di kílómítà fún un, bíi 10 km sí wákàtí kan.

Káyè kan, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀, wà nínú ọkọ̀. Bébà kábọ́ọ̀nù ló ń sọ ojú ìwé kan di mẹ́ta: ọ̀kan fún ọ̀gá mẹkáníìkì, ọ̀kan fún ọ́fíìsì, ọ̀kan kò kúrò nínú káyè. Ohun tí awakọ̀ rí ni kó kọ. “Bíréèkì ò dáa” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Ọkọ̀ dúró, afẹ́fẹ́ inú táǹkì ti 8 bọ́ sí 6 lójú ìwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú 5”, ìyẹn ni mẹkáníìkì lè bá ṣiṣẹ́. Yóò kọ ohun tó ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i.

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n káyè ọkọ̀ nìkan kò tó. Mọ́tọ̀ (ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀) tó wà lára ọkọ̀ kan lónìí lè wà lára òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá wà nínú ìwé ọkọ̀ àkọ́kọ́ nìkan, ó ti sọnù nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ohun tó ní nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin ló ní káàdì tirẹ̀, káàdì náà sì ń bá a lọ síbi tó bá lọ. Ẹ ka nọ́ńbà náà lára irin fúnra rẹ̀. Ẹ má dà á kọ láti inú ìwé àtijọ́, torí àṣìṣe ẹnì kan á di ti gbogbo ayé.

Káàdì ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Etí ẹsẹ̀ ni igun tó yọ jáde tí kì í jẹ́ kó yẹ̀ kúrò lórí irin. Ká ní etí ẹsẹ̀ apá òsì nípọn tó mílímítà 30, ó di 28, ó di 26, tí ti apá ọ̀tún kò kúrò ní 30. Ẹ yára wọn ìbú àwọn ẹsẹ̀ méjèèjì, láti ẹ̀gbẹ́ kan òbìrí rẹ̀ gba àárín dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tó bá kéré ni ọkọ̀ máa ń fà sí, etí rẹ̀ á sì máa ha irin. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gé e lórí ẹ̀rọ kí etí lè padà nípọn, ohun tí wọ́n máa gé kúrò lára ìbú ẹsẹ̀ á ju ohun tí etí jèrè lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí gígé kọ̀ọ̀kan fi ní ìlà tirẹ̀: iye tó ṣẹ́ kù ni ọjọ́ ayé ẹsẹ̀ náà.

Ọmọ Kétu:
Òótọ́ lẹ sọ. Epo ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Iye lítà tí wọ́n bù kún un ni kí ẹ máa fi wé kílómítà. Bó bá ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, rìǹgì písítìnì ń jẹ nìyẹn, tàbí epo ń jò síta. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni kí epo máa ga sí i lórí ọ̀pá ìwọ̀n láìsí pé ẹnikẹ́ni bù kún un. Gáásì (epo dísẹ́ẹ̀lì) ló ń já wọ inú rẹ̀, tàbí omi. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí ìwé tó ń fa omi, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èéfín á dúró láàárín bíi ojú dúdú. Bí gáásì bá wà níbẹ̀, òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á tàn kálẹ̀ síta ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ kán òmíràn sórí irin gbígbóná: bó bá ta pàrà, omi ni. Ẹ kọ ọjọ́ àti kílómítà sára ìwé náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì ẹ́ńjìnnì, kí oṣù yìí lè dojú kọ oṣù tó kọjá.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fọ asẹ́ afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀, eruku kì í dúró de kílómítà. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ káyè inú ọkọ̀, torí yíǹkì á ṣàn bí omi bá kàn án. Ẹ má sì to káàdì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ikán.