Iṣan, ẹran ara, àti ohun tí mo fẹ́ ká máa pè ní èbù ẹran

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Láti ọjọ́ Ajé la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ fẹ́ kọ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n sì fi àkòrí rẹ̀ ránṣẹ́ pé ká bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò: "Bí Àbùdá ṣe ń Darí Àtúnṣe Iṣan Eegun Lẹ́yìn Ìpalára". Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. "Iṣan" tí wọ́n fi túmọ̀ "muscle" yẹn ló ń dùn mí jù.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan dé láti pápá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn itan rẹ̀ ló ya níbi tó ti ń sáré. Dókítà sọ tẹnu rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà sì yíjú sí ìyá àgbà tó tẹ̀ lé ọmọ náà wá, mo ní, "Màmá, iṣan itan rẹ̀ ló ya." Ìyá náà káwọ́ lérí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ibo wá ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ń dà sí?" Mo ní kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Wọ́n ní ṣé ọmọ náà máa rọ lẹ́sẹ̀ ni?

Ìyá yẹn kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, èmi ni mo ṣì í sọ. Iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan náà la tún ń pe okùn tó ń jíṣẹ́ láti ọpọlọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ lọ bá alápatà ní Tákìé, kí ẹ ní kó gé iṣan fún yín, ẹ ó rí i pé okùn funfun tó le gbandi, tó so ẹran mọ́ eegun, ni yóò nawọ́ sí. Ohun pupa tó ń sún kì, tó ń nà, tí a fi ń rìn tí a fi ń gbẹ́rù, ẹran ló ń pè é. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún ìyá náà: "Ẹran ara ló ya, Màmá. Eegun rẹ̀ ò ṣẹ́." Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Háà. Ẹran á hù."

Ẹran á hù! Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ń wá ló jáde lẹ́nu ìyá yẹn láìronú. Ọ̀kadà la máa ń tún ṣe, òrùlé la máa ń tún ṣe, ẹlòmíì ló sì máa ń bá a tún un ṣe. Egbò a máa jinná, ẹran a máa hù, fúnra wọn. Nítorí náà, mi ò fẹ́ "àtúnṣe" níbẹ̀ rárá.

Híhù yìí ló gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ dúró sí. Lọ́dún 1961, Alexander Mauro, nínú ilé ìwádìí kan ní New York, fi awò tó ń sọ ohun tín-ín-rín di ńlá wo ẹran ẹsẹ̀ àkèré. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ fọ́nrán ẹran, lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo fọ́nrán náà, ó sì pè wọ́n ní sátẹ́láìtì. Àbúrò wa kan dábàá "sẹ́ẹ̀lì amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́", ó sì gbìyànjú gan-an, nítorí ẹni tó ń tẹ̀ lé olóyè kiri ni ọ̀rọ̀ Látìn náà túmọ̀ sí láti ìpilẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí nìkan ni orúkọ yẹn ń sọ. A ti wá mọ iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Bí fọ́nrán bá ya, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dé, wọ́n á palẹ̀ òkú ẹran mọ́. Àwọn tó ń sùn wọ̀nyí á jí, wọ́n á máa pín sí méjì-méjì. Púpọ̀ nínú wọn á di ẹran tuntun. Àwọn kan á padà lọ sùn, de ọjọ́ mìíràn.

Bàbá mi ń gbin iṣu lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Tí wọ́n bá ń gé èbù, orí àpótí ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á sì fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bó ọ̀kan léèpo, mo rò pé mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Èyí ti di sísè. Abẹ́ èèpo ni èbù ti ń hù."

Abẹ́ èèpo gan-an ni Mauro ti rí tirẹ̀. Ó ń sùn bí èbù ti ń sùn lábà, ó ń hù nígbà tí àkókò bá tó, a kì í sì í lo gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Èbù ẹran ni mo fẹ́ ká máa pè é.

Ẹnìkan ti ní èèyàn ló ń gé èbù, èèyàn ló ń gbìn ín, pé kò sẹ́ni tó gbin èyí. Òótọ́ ni, mo gbà. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí orúkọ náà máa ṣe fún ìyá tó bí ọmọ tí kò ní ògidì dístírọ́fíìnì, èròjà tó ń dáàbò bo fọ́nrán ẹran. Ẹran ọmọ náà á máa ya léraléra, èbù á máa hù, títí apá èbù kò fi ní í ká a mọ́, tí ọ̀rá àti àpá á sì gba ipò ẹran. Ìyá tó mọ oko á mọ ohun tí à ń sọ.

Ọkàn kò ní èbù bẹ́ẹ̀, àpá ló máa ń kù níbi tí ẹran ọkàn bá ti kú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a ya ẹran ọkàn àti ẹran tó so mọ́ eegun sọ́tọ̀, àmọ́ "iṣan eegun" á mú ọmọdé rò pé inú eegun ló wà. Ẹran asomọ́eegun ń kọ́?

Ní ti "àbùdá" tí wọ́n fi túmọ̀ "gene", ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, gíga àti àwọ̀ ni àbùdá, ohun tí ojú rí. Ẹ jẹ́ ká fi jíìnì sílẹ̀ ní jíìnì.

"Darí" inú àkòrí náà ni mo rò pé ẹ̀gbọ́n wa jàre lé lórí díẹ̀. Jíìnì kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì awọ àti ti ẹran, èyí tó jí àti èyí tó ń sùn ló yàtọ̀. Jíìnì tó ń jẹ́ Pax7 máa ń wà lójúfò nínú èbù tó ń sùn. Ìpalára á jí jíìnì mìíràn, MyoD, òmíràn tó ń jẹ́ myogenin á sì tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1987, wọ́n fi MyoD sínú sẹ́ẹ̀lì eku tí kì í ṣe ti ẹran, ó sì sọ ọ́ di ti ẹran. Ìyẹn tó ẹni tí à ń pè ní adarí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jíìnì yòókù, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Fún àkòrí, mo dábàá: "Bí Jíìnì ṣe ń Mú kí Ẹran Ara Padà Hù Lẹ́yìn Ìpalára".

Ọ̀kan ló kù tí n kò rí ọ̀rọ̀ fún. Àwọn ọmọ èbù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tuntun tí èbù pín sí, máa ń wọnú ara wọn, ògiri àárín wọn á pòórá, wọ́n á di fọ́nrán kan ṣoṣo. Ìsopọ̀ kò tó o, nítorí ohun méjì tí a so ṣì jẹ́ méjì. Ìdàpọ̀ ṣì dà bí omi àti epo létí mi. Mo ń yẹ "yíyọ́pọ̀" wò, bí òrí ṣe ń yọ́ mọ́ra nínú ìkòkò, àmọ́ kò sí iná níbẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?