Fíìmù ìgbòkun ń ṣí kúrò lára okùn kábọ́ọ̀nù: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin tó mọwọ́ ìgbòkun, ẹ gbà mí. Jẹ́nóà (ìgbòkun ńlá iwájú) ọkọ̀ mítà 10 ni: okùn kábọ́ọ̀nù láàárín fíìmù Mylar (ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) méjì, tafẹ́tà (aṣọ fẹ́lẹ́) lójú kan. Níbi tó ti ń gbo spreader (ọ̀pá ìdábùú ara òpó ọkọ̀), fíìmù ti ṣí, ó lé ròrò bí ara tí omi gbóná jó, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Mo fi omi tútù fọ iyọ̀ kúrò, mo sá a sábẹ́ òjìji, mo fi ọtí isopropyl nù ún, mo wá lẹ Dacron (aṣọ ìgbòkun polyester) onígọ́ọ̀mù mọ́ ọn lójú méjèèjì. Atẹ́gùn tó ń sáré nọ́ọ̀tì 15 (ìwọ̀n ìyára lójú omi) ló tú u. Mi ò tíì rán an. Abẹ́rẹ́ lè já okùn náà, kábọ́ọ̀nù ò kúkú fẹ́ ìnira.

Bí mo bá fi síríńjì ti gọ́ọ̀mù polyurethane sábẹ́ fíìmù, tí mo gbé ẹrù lé e mọ́jú, ṣé á mú, àbí kí n gé ibẹ̀ kúrò kí n fi abala tuntun sí i?