Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: AR ní mùsíọ́mù, ṣé ó wúlò fáwọn ọmọ àbí eré lásán ni?

TíṣàKubwa: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ JSS2 mi lọ sí mùsíọ́mù Jos ní táàmù tó ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí torí ibi tá a lọ kẹ́yìn (mi ò ní dárúkọ ibẹ̀), a ò tíì lò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n ti ń bi mí pé "àǹtí, ìgbà wo la máa jẹun", inú gíláàsì ni gbogbo nǹkan wà, páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí níwájú ẹ̀ ti ṣá débi pé èmi gan-an ò rí i kà. Àbúrò mi ní kí n gbìyànjú AR, tẹ́ ẹ bá na fóònù sí nǹkan, àwòrán míì á yọ lé e lórí, bíi géèmù Pokémon Go yẹn. Ṣé òótọ́ ni?

OlúKD: Ẹ kú iṣẹ́ àǹtí. Iṣẹ́ àwòrán 3D orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Kaduna níbí. Kámẹ́rà á dá fọ́tò kan mọ̀, á wá gbé ohun tẹ́ ẹ ti ṣe kalẹ̀ jáde lórí ẹ̀, ó tán. Mùsíọ́mù Smithsonian ní Amẹ́ríkà ti ṣe é láti 2015, ẹ na fóònù sí egungun ẹranko, ẹran àti awọ á bò ó. Àmọ́ ẹ má na tiyín sí gíláàsì o, iná tó ń tàn lójú ẹ̀ máa ń da kámẹ́rà láàmú, fọ́tò tẹ́ ẹ tẹ̀ sórí páálí ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ sì ti wa gbogbo ẹ̀ sórí fóònù látilé, ẹ má gbọ́kàn lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

BàbáÌbejì_Nyanya: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó ń wo fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ tún fẹ́ gbé e dé Jos kó lọ wo fóònù? Mo mú tèmi lọ sí mùsíọ́mù Gidan Makama ní Kano, oòrùn ń pa èèyàn níta, ọmọ náà gbọ́wọ́ lé ògiri amọ̀ yẹn ó ní "Dádì, ó tutù". AR wo ló máa ṣèyẹn?

ỌmọJos: Òótọ́ lẹ sọ bọ̀ọ̀dá, ti ògiri kò nílò ẹ̀. Ohun tí ò sí níbẹ̀ mọ́ ló nílò ẹ̀. Ẹ wo àwọn ère Nok, àwọn ère amọ̀ àtijọ́ yẹn, èyí tó pọ̀ nínú wọn orí nìkan ló kù, ara ti fọ́ dànù. Ní 1943, ẹnì kan níbi tí wọ́n ti ń wa tíìnì rí orí kan, ló bá gbé e lọ sóko iṣu, ó fi ń lé ẹyẹ! Bíi ọdún kan ló lò níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg, ẹni tó dá mùsíọ́mù wa níbí sílẹ̀ ní 1952. Ẹ fi AR ya oko iṣu yẹn, ẹ fi orí náà sórí igi, ojú ẹ̀ onígun mẹ́ta tí wọ́n dá ihò sí láàrin, kí ẹyẹ máa fò kọjá. Fóònù kan fún ọmọ márùn-ún, tí wọ́n bá ti wò ó tán ẹ gbà á, kí wọ́n lọ wo ère gidi.

TíṣàKubwa: Háà, orí tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ló ń ṣọ́ iṣu! Àwọn ọmọ mi á rẹ́rìn-ín kú. @OlúKD, èló lẹ máa gbà fún oko iṣu kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì rántí pé tíṣà ni mí o.